Lẹ́yìn Abẹ Ni Iṣẹ́ Wà: Ìtàn Ọgbẹ́ Ìkọlà Àgbà ní Gúúsù Áfíríkà

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni ìròyìn kan náà máa ń ti orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà jáde: láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Keje tí í ṣe ìgbà òtútù tiwọn, àti ní oṣù Kejìlá nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá gba ìsinmi. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin á lọ sínú igbó láti lọ kọlà kí wọ́n lè di ọkùnrin, àwọn kan nínú wọn kò sì ní padà wálé mọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, àwọn tó kú ní ìpínlẹ̀ Mpumalanga nìkan láàárín ọjọ́ díẹ̀ lé ní 20. Bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ti dé, awuyewuye kan náà ló máa ń tẹ̀ lé e. Àwọn kan á ní kí ìjọba fòfin de àṣà náà pátápátá. Àwọn mìíràn á ní ohun tí baba ńlá ẹni fi lélẹ̀ kò ṣeé jù sínú ìgbẹ́. Ọ̀rọ̀ abẹ ni tọ̀túntòsì ń sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ìtàn náà wò dáadáa, a ó rí i pé kì í ṣe abẹ ló sábà máa ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí. Iṣẹ́ abẹ kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni ikú ń gbà wọlé: bí wọ́n ṣe di ọgbẹ́, ohun tí wọ́n fi sí i, omi tí ọmọ náà mu tàbí tí wọn kò jẹ́ kó mu, àti ẹni tó jókòó tì í lóru.

Ọgbẹ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ní Saqqara ní ilẹ̀ Íjíbítì, lára ògiri ibojì ìjòyè kan tó ń jẹ́ Ankhmahor, wọ́n gbẹ́ àwòrán kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 4,000 ọdún. Ẹni tí wọ́n ń kọ nílà wà lórí ìdúró, ẹlòmíràn sì di ọwọ́ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Ẹni tí a ní láti dì mú báyẹn kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Àwọn tó ń ka Bíbélì náà mọ ìtàn àwọn ọkùnrin Ṣékémù nínú Gẹ́nẹ́sísì orí 34. Wọ́n gbà láti kọlà nítorí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí ìrora mú wọn débi tí wọn kò lè jà, Símẹ́ónì àti Léfì wọ ìlú náà wọ́n sì fi idà pa gbogbo wọn. Nínú ìwé Jóṣúà orí 5, gbogbo ọmọ ogun Ísírẹ́lì ni wọ́n kọ nílà ní Gílígálì, wọn kò sì kúrò ní ibùdó títí ara wọn fi yá. Yálà ènìyàn ka ìtàn wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn tàbí gẹ́gẹ́ bí ìwé àtijọ́, ohun kan hàn gbangba: àwọn tó kọ wọ́n mọ̀ pé àgbàlagbà tí a bá kọ nílà kò ní lè jagun fún ọjọ́ mélòó kan, ó sì gbọ́dọ̀ sinmi.

Lọ́dọ̀ àwa Yorùbá, ọmọ tuntun là ń kọ nílà. Olóolà á dá adọ̀dọ́ ọmọ nígbà tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, á kán omi ìgbín sí ojú ọgbẹ́ nítorí pé ohun ẹ̀rọ̀ ni ìgbín, ìyá ọmọ á sì máa fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi jinná. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ló ti gbé iṣẹ́ náà lọ sí ilé ìwòsàn, níbi tí àwọn dókítà ti ń kìlọ̀ pé omi tí a kò sè, ìbáà jẹ́ ti ìgbín, kò ṣeé fọkàn tán lójú ọgbẹ́. Ọgbẹ́ ọmọ ọwọ́ sábà máa ń san láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá. Ti àgbàlagbà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọgbẹ́ tirẹ̀ tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sábà máa ń gba òwú ìránṣọ ara, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ ń dìde lójú oorun láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì ń na ojú ọgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni àwọn oníṣègùn ń kà fún un. Nítorí pé ìgbà ọmọ ọwọ́ là ń ṣe tiwa, ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà jẹ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ni ká lọ bá.

Lọ́dọ̀ àwọn Xhosa tó ń gbé ìpínlẹ̀ Eastern Cape, ulwaluko ni orúkọ àṣà náà. Ẹni tí kò bá là á kọjá, ọmọdé ni lójú wọn, bó tilẹ̀ hu irùngbọ̀n. Kò sí àyè fún un níbi tí àwọn ọkùnrin bá ti ń gbìmọ̀. Ẹni méjì ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀. Èkíní ni ingcibi, ẹni tó ń fi abẹ gé e. Èkejì ni ikhankatha, ẹni tó ń tọ́jú ọgbẹ́ tó sì ń tọ́ àwọn abakhwetha sọ́nà, ìyẹn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ nílà. Ingcibi á dé, á gé e, ọmọ náà á ké pé “Ndiyindoda!”, tó túmọ̀ sí “Ọkùnrin ni mí!”, ingcibi á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Iṣẹ́ ikhankatha ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nelson Mandela wà lára àwọn tó la ọ̀nà yìí kọjá. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí wọ́n kọ ọ́ nílà ní 1934 ní Tyhalarha, létí odò Mbashe, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú ìwé ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, Long Walk to Freedom, kò fi bò pé ìrora náà wọ òun lára dé egungun, àti pé ojú ti òun nítorí pé àwọn yòókù tètè rí ohùn ké ju òun lọ. Ó sọ nípa ewé tí àwọn olùtọ́jú fi di ọgbẹ́ náà, ewé tó ní ẹ̀gún lóde tí inú rẹ̀ sì ń dán, tó ń fa ẹ̀jẹ̀ àti omi ọgbẹ́ mu. Ìwé yìí wúlò fún wa, nítorí ó jẹ́ kí a mọ̀ pé nígbà èwe Mandela, ẹni tó mọ ewé wà níbẹ̀.

Ewé tí òkìkí rẹ̀ kàn jù fún iṣẹ́ yìí ni isichwe. Ikhankatha á fi ewé bo ojú ọgbẹ́, á fi ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ dì í mọ́ ọn, á sì máa tú u láti pààrọ̀ rẹ̀ léraléra lọ́sàn-án àti lóru. Nǹkan bí ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ ló le jù. Ní àwọn ọjọ́ náà, àwọn abakhwetha kì í jẹun bó ṣe wù wọ́n, omi wọn sì níwọ̀n, nítorí ìgbàgbọ́ pé bí ọmọ bá ń mu omi, ìtọ̀ á pọ̀, ọgbẹ́ á sì máa ṣomi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pa ewúrẹ́, oúnjẹ á sì gbòòrò sí i. Wọ́n á fi ẹfun kun ara, wọ́n á máa gbé inú ahéré tí obìnrin kì í dé, títí ọgbẹ́ á fi jinná. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń padà wálé, wọ́n á dáná sun ahéré náà pẹ̀lú ohun gbogbo tí wọ́n lò níbẹ̀.

Kí a má fi ojú òpè wo ètò yìí. Ìsinmi wà nínú rẹ̀, ìpààrọ̀ ohun tí a fi di ọgbẹ́ wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yíyàgò fún obìnrin títí ọgbẹ́ á fi san wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìwọ̀nyí ni dókítà òde òní náà ń pàṣẹ. Ibi tí ètò náà kù sí ni ti omi. Ní ilẹ̀ Maasai ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ẹ̀jẹ̀ màlúù àti wàrà ni wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọlà mu kí okun rẹ̀ lè padà. Ọ̀nà tí àwọn Xhosa gbà yàtọ̀. Nígbà tí àgbà ọlọ́gbọ́n bá wà nítòsí tó ń wo ojú ọmọ, ó lè dín ìfòǹgbẹ náà kù nígbà tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá jẹ́ ọmọ ọdún 20 tí kò mọ nǹkan kan ló ń ṣọ́ ọmọ ọdún 16, òfin náà á di ohun ìjà.

Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn dókítà Eastern Cape mọ̀ tí ikú fi ń wọlé, wọ́n sì máa ń pàdé lára ẹnìkan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni ọ̀já tí wọ́n dì le jù. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá mọ́, ara á kú, á dúdú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Bí wọ́n bá tú u ní kíákíá, ó lè yè. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nǹkan ọmọkùnrin náà lè já dànù. Èkejì ni òǹgbẹ. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dànù lára rẹ̀, tí oòrùn oṣù Kejìlá ń pa, tí kò sì rí omi mu, kíndìnrín rẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kòkòrò àrùn tó gba ojú ọgbẹ́ wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí ibà gbígbóná sì tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn, lílù ni wọ́n ń fi kún un, nítorí pé wọ́n ní ọkùnrin kì í sunkún. Kò sí èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kì í fi àmì hàn tipẹ́ kó tó pa ènìyàn. Ẹni tó lè ka àmì náà ni kì í sí níbẹ̀.

Èyí ló gbé wa dé ilẹ̀ Mpondo, ní apá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ náà, níbi tí òkú ti pọ̀ jù láàárín ogún ọdún sí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ohun ìyanu ni pé àwọn Mpondo kì í ṣe ẹni tó ti ń kọlà bọ̀ láìdáwọ́ dúró. Ọba wọn, Faku, ló fòpin sí àṣà náà ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí àwọn ọmọ Mpondo ń lọ ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà tí wọ́n sì ń bá Xhosa gbé yàrá kan náà, wọ́n ń fi wọ́n ṣẹ̀sín pé ọmọdé ni wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìkọlà kiri, láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ bàbá, ní ahéré tí wọ́n fi ọ̀rá rọ́bà kọ́. Wọ́n rí abẹ rà. Wọ́n rí báńdéèjì rà. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n fẹ́ bi léèrè nípa ọgbẹ́, nígbà tí bàbá kò kọlà, tí bàbá bàbá náà kò sì kọlà? Àṣà lè sùn fún igba ọdún kí ó sì jí láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìmọ̀ ìtọ́jú kì í sùn bẹ́ẹ̀. Kíkú ló ń kú pẹ̀lú àgbà tó ni ín.

Ẹ wá fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò wọn. Àwọn Zulu náà ti ń kọlà tẹ́lẹ̀ kí ó tó dáwọ́ dúró ní ìgbà Shaka. Ohun tí ọ̀pọ̀ òpìtàn ń sọ ni pé ogun ló fà á: ọba tí ń jagun lójoojúmọ́ kò lè gbà kí ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan jókòó fún oṣù méjì nítorí ọgbẹ́. Ọ̀rọ̀ Ṣékémù ló tún padà wá yẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2009, Ọba Goodwill Zwelithini kéde pé kí ìkọlà padà ní KwaZulu-Natal, kí ó lè ran ìgbógunti àrùn éèdì lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ ní 2010. Okùn ìmọ̀ ti já lọ́wọ́ àwọn náà bí ó ti já lọ́wọ́ àwọn Mpondo. Ṣùgbọ́n ọba yìí kò ní kí wọ́n lọ wá igbó. Ọ̀dọ̀ dókítà ló darí wọn sí. Èyí kò túmọ̀ sí pé ohun gbogbo gún régé. Àwọn aláṣẹ ìlera ìpínlẹ̀ náà gba ohun èlò oníke kan wọlé, Tara KLamp, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Orange Farm ti fi hàn pé ìṣòro tó ń fà lára àgbà pọ̀ ju ti iṣẹ́ abẹ lásán lọ. Ẹgbẹ́ Treatment Action Campaign gbé ariwo dìde sí i. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá ti ilé ìwòsàn jáde ló dára fún ọgbẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ ìṣòro wà, ẹni tó lè kọminú sí i ní gbangba náà sì wà.

Orange Farm tí a dárúkọ yìí ṣe pàtàkì nínú ìtàn náà fún ìdí mìíràn. Ìlú kan nítòsí Johannesburg ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìwádìí àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta tó yí ojú ayé sí ìkọlà àgbà, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2005. Méjì yòókù wáyé ní Kisumu ní Kẹ́ńyà àti ní Rakai ní Ùgáńdà, wọ́n sì dá wọn dúró ní oṣù Kejìlá ọdún 2006 nítorí pé èsì ti hàn gbangba. Ọkùnrin tó kọlà kì í tètè kó kòkòrò HIV lára obìnrin bí ẹni tí kò kọlà. Ewu náà dín kù ní bíi 50 sí 60 nínú ọgọ́rùn-ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mú un kúrò, kò sì gba ipò kọ́ńdọ̀ọ̀mù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNAIDS gba àwọn orílẹ̀-èdè tí àrùn náà ti gbilẹ̀ nímọ̀ràn láti gbé iṣẹ́ náà dìde. Láti ìgbà náà, ó ti ju 20 mílíọ̀nù ọkùnrin lọ tí wọ́n ti kọ nílà ní ìlà-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà. Àwọn Luo ní Kẹ́ńyà, tí kì í kọlà láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé wọn, wà lára wọn.

Ẹ̀kọ́ tuntun nípa ọgbẹ́ ló bá iṣẹ́ ńlá yìí wọlé, ó sì rọrùn débi pé ẹnikẹ́ni lè há a sórí. Wọ́n á tú báńdéèjì kúrò lẹ́yìn wákàtí 48, wọn kì í fi í sílẹ̀ kó lẹ̀ mọ́ ara. Ọkùnrin náà á padà wá fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ kejì àti ní ọjọ́ keje. Yóò máa fi omi mímọ́ àti ọṣẹ tí kò le wẹ ibẹ̀, yóò wọ pátá tó mọ́ tó sì gbé nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ dúró sókè, yóò mu omi dáadáa, kò sì ní fi ewé, eérú, ìgbẹ́ màlúù tàbí ìpara àdámọ̀ kankan sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dá, bí ibẹ̀ bá wú gan-an, bí ó bá ń ṣọyún tàbí tí ibà bá dé, ilé ìwòsàn yá. Kò sì ní bá obìnrin lò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Òfin ìkẹyìn yìí kì í ṣe ti ìrora nìkan. Ní Rakai, nígbà tí wọ́n wo àwọn ọkùnrin tó ti ní HIV kí wọ́n tó kọlà, ó jọ pé àwọn tó padà sọ́dọ̀ ìyàwó wọn kí ọgbẹ́ tó san ń kó àrùn náà ràn wọ́n ju àwọn tó ní sùúrù lọ. Ọgbẹ́ ọkọ lè di àìsàn ìyàwó.

Àwọn olóyìnbó iṣẹ́ ìlera náà kọ́ ẹ̀kọ́ tiwọn lọ́nà líle. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ohun èlò kan, PrePex, tó ń fi rọ́bà dí ẹ̀jẹ̀ adọ̀dọ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀, tí wọ́n á wá gé e kúrò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí òwú ìránṣọ ara, gbogbo ènìyàn sì yọ̀. Àfi ìgbà tí àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tó ń mú kí eyín pa pọ̀ kí ara sì gan gbagidi, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára àwọn kan. Ara tó kú tí a sì fi sílẹ̀ lára alààyè, ilé ni fún kòkòrò àrùn náà. Àjọ náà ní láti pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́kọ́ fún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kí wọ́n tó lo irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Ọ̀já tó há jù nínú ahéré Mpondo àti rọ́bà ilé ìwòsàn kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ wọn jọra: ara tí ẹ̀jẹ̀ kò dé, ewu ni.

Ohun mìíràn wà tí ìwé ìlera kò lè wò sàn, òun ni ìtìjú. Lójú àwọn Xhosa, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú igbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìta, ẹni tó bá sì parí ìkọlà rẹ̀ sí ilé ìwòsàn, wọ́n lè máa pè é ní ẹni tí kò di ọkùnrin tán. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ọgbẹ́ rẹ̀ ń rà fi máa ń sọ pé òun wà dáadáa. Ní 2009, òǹkọ̀wé Thando Mgqolozana gbé ìwé ìtàn àròsọ kan jáde, A Man Who Is Not a Man, lórí ọ̀dọ́ tí ìkọlà rẹ̀ bàjẹ́ àti ẹ̀gàn tó tẹ̀ lé e. Ní 2017, fíìmù Inxeba jáde. Ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Xhosa ni “ọgbẹ́”. Ìbínú pọ̀ débi pé ìgbìmọ̀ kan so òǹtẹ̀ mọ́ ọn ní 2018 tí kò jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é ní ilé sinimá, kí ilé ẹjọ́ tó fagi lé e. Èèwọ̀ ni títú àṣírí igbó. Ṣùgbọ́n nígbà tí àṣírí bá ń bo òkú mọ́lẹ̀, èwo ni ká fara mọ́?

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2014, ní ilé ìwòsàn Tygerberg ní Cape Town, àwọn dókítà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n André van der Merwe kó sòdí fi wákàtí mẹ́sàn-án ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ ọdún 21 kan tí ìkọlà ti gba nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Ti olóògbé kan ni wọ́n gbìn sí i lára, ó sì gbà á. Òun ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó yọrí sí rere láyé. Ní 2017, wọ́n ṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì fún ọkùnrin ẹni ogójì ọdún tó ti fi ọdún 17 gbé pẹ̀lú òfò kan náà. Ó yẹ kí a kan sáárá sí àwọn dókítà náà. Síbẹ̀ ẹ jẹ́ ká rò ó: wákàtí mẹ́sàn-án, ọ̀pọ̀lọpọ̀ amọ̀ṣẹ́, oògùn tí ènìyàn á máa lò títí ayé, láti tún ohun tí ẹnìkan ìbá ti gbà là bó bá tú ọ̀já kan ní àsìkò ṣe.

Òfin wà. Eastern Cape ṣe tirẹ̀ ní 2001, tó pàṣẹ ìwé àṣẹ, àyẹ̀wò dókítà kí ọmọ tó wọ igbó, àti ohun èlò mímọ́. Òfin gbogbo orílẹ̀-èdè lórí ìgbaniwọlé sípò ọkùnrin náà jáde ní 2021. Òfin lè mú ingcibi tí kò ní ìwé àṣẹ, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí òfin kò lè dá ṣe ni láti jókòó ti ọmọ ẹlòmíràn láàárín òru, kí ó wo bí ọ̀já ṣe rí, kí ó gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń lọ, kí ó sì ní ìgboyà láti sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára mi, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹni tí àwọn baba ńlá Xhosa pè ní ikhankatha nìyẹn. Ibi tí ó bá ti wà tí ó sì mọṣẹ́, àwọn ọmọ ń padà wálé. Ibi tí wọ́n bá ti fi ọ̀mùtí tàbí ọmọ àná rọ́pò rẹ̀, posí ló ń padà.

Àwọn àgbà wa ní àpá kì í jọ ara. Àpá ìkọlà ni ọ̀dọ́ Xhosa ń fẹ́, kò sì sí ẹni tó lè fi ìyẹn bá a wí. Ṣùgbọ́n kí àpá tó wà, ọgbẹ́ ní láti kọ́kọ́ jinná, ẹni tó sì fẹ́ kó jinná ni ẹni tó yẹ kí ìjọba, ọba àti òbí wá rí ṣáájú ẹni tó máa mú abẹ wá. Bí òbí kan bá ń bèèrè lọ́la pé ta ni yóò kọ ọmọ òun nílà, ìbéèrè rere ni. Kó tún bèèrè èkejì mọ́ ọn: ta ni yóò wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta?